Èèwọ̀ Tí Mo Fi Sórí Agolo Lúkà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí fún yín. Àmọ́ ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Bí mo bá rántí rẹ̀ títí di òní, ojú ṣì máa ń tì mí!

Òmìnira Dàhòmì ò tíì pẹ́ nígbà náà. Kétu ni mo wà, mò ń ṣoko, mo sì ti rí ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya. Àdùkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Adakplamè. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: ọ̀wẹ̀ àna. Ọkọ ìyàwó á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kọ ebè fún bàbá ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Bàbá ìyàwó á dúró lẹ́bàá oko, á máa wò ó. Èmi ńkọ́? Mo rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná! Bàbá Àdùkẹ́ sì ti sọ fáwọn èèyàn pé ẹni tó ń gbé ọkọ́ lòun ń wá, kì í ṣe ẹni tí ọkọ́ ń gbé.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni Lúkà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti dé láti ilẹ̀ Faransé. Sọ́jà ni. Apá rẹ̀ yìí, ẹ máa rò pé itan ni! Ó ní irin làwọn ń gbé ní bárékè, àti pé ìyẹ̀fun kan wà táwọn ń pò mu, tó ń mú kí iṣan ki. Asíìdì àmínẹ́ ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Ó fún mi ní agolo kan, ó ní kí n máa bu ṣíbí kan sómi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó wọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Ṣé mo bi í ní nǹkan mìíràn? Rárá o!

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Oògùn tó lágbára báyìí, kó má léèwọ̀? Àgúnmu agbára tí bàbá bàbá mi máa ń gún, ẹni tó bá ń lá a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin. Mo bá ní Lúkà ló gbàgbé láti sọ èèwọ̀ tiẹ̀ fún mi. Kí n má bàa ṣì í, mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀pà, ẹran, ẹja. Ẹ̀kọ gbígbóná àti gbágùúdá nìkan ni mò ń jẹ. Mo tún gbé ọkọ́ sórí àjà, kí agbára tó ń wọlé má bàa dà nù kí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ tó pé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ó kù!

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà Kétu, Àdùkẹ́ máa ń gbé ẹ̀wà wá fún mi, èyí tó fi epo pupa sè, pẹ̀lú gàrí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀, torí a kì í tú àṣírí oògùn. Mo kàn ń sọ pé mo ti yó. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: àfẹ́sọ́nà gbé oúnjẹ wá, o dá a padà, o tún dá a padà, kí ni kó rò? Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé tí mi ò bá fẹ́ ọmọ òun mọ́, kí n kúkú wí. Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ṣíwọ́ wíwá. Mo ní kò burú, tó bá rí mi lójú ọ̀wẹ̀, inú rẹ̀ á yọ́.

Ọjọ́ pé. Lúkà náà ti Kútọnu wá. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo ṣíwájú, mo kọ ebè àkọ́kọ́ bí ẹni tí agbọ́n ń lé. Àwọn obìnrin pariwo! Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi léròrò. Oòrùn ò tíì dé àtàrí tí òòyì fi kọ́ mi, ni mo bá ṣubú gbalaja sáàárín poro.

Wọ́n gbé mi sábẹ́ igi. Nígbà tí mo lajú, ohun tí mo rí burú ju ìṣubú lọ. Bàbá Àdùkẹ́ ti mú ọkọ́ mi, ó ń bá mi kọ ebè mi lọ. Bàbá ìyàwó, tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko ara rẹ̀! Kò bú mi, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé.

Lúkà bi mí pé kí ni mo ti ń jẹ. Mo jẹ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ó káwọ́ lérí.

"Ta ló fún ẹ léèwọ̀? Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn! Ohun tó wà nínú agolo yẹn náà ló wà nínú ẹ̀wà àti ẹyin tó ò ń sá fún. A máa ń jẹun yó, a máa ń gbé irin, ká tó wá fi ìyẹn lé e."

Ni gbogbo oko bá bú sẹ́rìn-ín! Àdùkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi.

"Tìtorí ìyẹn lo ṣe ń dá ẹ̀wà mi padà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ti sunkún títí, òun rò pé mo ti rí ẹlòmíràn ni. Ó wá lọ bu ẹ̀wà nínú ìkòkò tí wọ́n sè fáwọn ọlọ́wẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè gbójú sókè, àmọ́ mo jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ń wò mí.

Bàbá rẹ̀ kọ ebè mi parí, ó nu ọkọ́, ó gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n padà wá lójò tó ń bọ̀, pé ọmọ òun ò lọ síbì kankan.

Lọ́dún yẹn, mo jẹ ẹ̀wà, mo roko, ìyẹ̀fun tó kù nínú agolo ni mo sì ń mu lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí òjò padà dé, bàbá dúró lẹ́bàá oko títí mo fi kọ ebè tó gbẹ̀yìn. Kò fọwọ́ kan ọkọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ra irú agolo yìí nísinsìnyí, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Ẹ ṣáà jẹun, ẹ ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì béèrè, torí ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí nínú yín? Ẹ sọ tiyín, kó má jẹ́ èmi nìkan ni ojú ń tì! Èmi ń lọ jẹun. Àdùkẹ́ ti gbé ẹ̀wà kalẹ̀, ó sì ti ń bi mí, bó ṣe máa ń bi mí láti ọjọ́ yẹn, pé ṣé kò léèwọ̀ lónìí.