Itan Àgbọ̀nrín Tí Alájà Dá Padà

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá nínú igbó Alájà lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àna mi ni. Àbúrò bàbá ìyàwó mi ni wọ́n. Wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká, wọ́n so ọ̀yà méjì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà wọn. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, mo kí wọn dáadáa, mo béèrè àwọn ará ilé. Nígbà tí mo dìde, mo gbọn eruku àyà mi nù, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níta. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ igbó yìí láti àárọ̀ òní."

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ Làmídì? Èmi lò ń lé?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ṣáà ti kí yín kí n tó lé yín."

Wọ́n jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ gidi kan fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó sì ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Báyìí ni iṣẹ́ aṣọ́gbó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi.

Igbó tí mò ń sọ yìí wà láàárín Ìgànná àti Ìwéré-Ilé. Òkè olókùúta kan wà nínú rẹ̀, odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́sẹ̀ òkè náà, igi emi àti igi igbá sì pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Bàbá tó bí Alájà, tó jẹ́ ọdẹ pàtàkì nígbà ayé wọn, kò dáko síbẹ̀ rí. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹran. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, àwọn ọmọ ló jogún rẹ̀. Alájà ni àkọ́bí, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ń gbé, gààrí ni wọ́n ń tà. Àwọn àbúrò wọn ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, wọn kì í sì í wálé.

Ohun tó gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ mi ni iná. Ọdọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn ọdẹ a máa dáná sun igbó náà kí ọ̀yà lè sá jáde sọ́wọ́ ajá. Ó wá sú àwọn àbúrò Alájà. Wọ́n ní kí ni ire igbó tó ń jóná lọ́dọọdún? Wọ́n ti rí àwọn eléèédú tó fẹ́ rà á, àwọn tí yóò gé gbogbo igi ibẹ̀ sun. Alájà bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi gbà láti dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kan péré. Bí iná bá tún wọ ibẹ̀ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, títà ni wọ́n máa tà á.

"Làmídì," Alájà wí fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí ṣọ́ igbó náà, "lábẹ́ igi emi ńlá yẹn ni bàbá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi í ṣe èédú."

Àánú wọn ṣe mí. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Alájà. Iná kankan ò ní wọ ibẹ̀."

Ẹnu mi yá, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tí í sọ̀rọ̀ kó kó o jẹ.

Ààlè ni mo kọ́kọ́ lò. Mo so àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti òòyà ìyarun tó ti ṣẹ́ mọ́ igi lẹ́nu gbogbo ọ̀nà tó wọ igbó. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ohun olóhun, ẹ̀yìn ni yóò padà sí, nítorí ó mọ̀ pé onínǹkan ti kìlọ̀ tán, ohun tó bá dé bá òun, òun ló fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ ọjà Ìwéré-Ilé, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń fi àkísà pupa mi nu ọ̀kadà. Ó tún rẹ́rìn-ín sí mi, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí: "Bàbá Ràmá, ẹ kú ọjà o!"

Mo bá gbé pátákó lọ fún ẹni tó ń kọ̀wé sára ọkọ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: A KÒ GBỌDỌ̀ ṢỌDẸ NÍBÍ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú u lọ. Ìgbà tí mo máa tún fojú kàn án, ó ti di ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ ẹnìkan, ó sì bá ibẹ̀ mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Àwọn ewúrẹ́ yẹn nìkan ni mo mọ̀ tó pa òfin náà mọ́.

Mo ń rìn yí igbó ká lójoojúmọ́. Mo ṣán etí rẹ̀, mo gbá ewé gbígbẹ kúrò kí iná má baà rí ohun tó máa jẹ kọjá. Bí mo bá lé àwọn kan ní ìhà odò, àwọn mìíràn á gba ìhà òkè wọlé. Ẹni tó sì jẹ́ olórí wọn ni Múfú, ọmọ Ìwéré-Ilé, ọdẹ tí n kò lè pè ní ọ̀lẹ láé. Ajá rẹ̀ gbọ́ràn ju ọmọ ẹlòmíràn lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá Múfú lẹ́sẹ̀ òkè, ó ń wo bẹẹrẹ, koríko gíga tí a fi ń bo ilé nígbà kan, bóyá ó ti gbẹ tó.

"Múfú, ta ló fún ọ láyè?"

"Ta ló yẹ kó fún mi láyè, Bàbá Ràmá? Ilẹ̀ yìí ò ní onílẹ̀ mọ́."

"Kò ní kẹ̀? Ti Alájà ni!"

"Alájà ti yọwọ́ kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ bi wọ́n." Ó súfèé sí ajá rẹ̀. "Tí ọyẹ́ bá gbẹ koríko yìí tán, màá padà wá. Ẹ má jẹ́ ká bínú síra wa o."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó sì tún yà mí lẹ́nu. Múfú kì í purọ́. Mo bá gbọ̀nà Ìgànná lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àjàní, ọdẹ àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń họ ẹsẹ̀ bí mo ṣe ń rojọ́ ààlè àti pátákó. Nígbà tí mo dórí ilé ewúrẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Nígbà ayé bàbá Alájà," wọ́n ní, "ta ló ń ṣọ́ igbó yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

"Ṣé iná wọ ibẹ̀ rí?"

Mo ronú. "Rárá."

Wọ́n wá rán mi létí ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí mo ti gbàgbé. Ọdẹ tó bá pa ẹran ńlá lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé itan ẹ̀yìn kan fún onílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí onílẹ̀ bá ti ń gba itan, gbogbo ọdẹ tó ń gbé e wá ló ń bá a ṣọ́ igbó náà, nítorí kò sí ẹni tó máa sun ibi tí òun ti ń jẹ.

"Lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá yẹn," Bàbá Àjàní ń bọ́rọ̀ lọ, "Múfú pa àgbọ̀nrín níbẹ̀. Ó di itan rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó gbé e lọ sí Ìṣẹ́yìn. Alájà ò jẹ́ kó wọlé. Lójú àwọn oníbàárà wọn ni wọ́n ti ní àwọn kì í jẹ òkú ẹran, kó gbé e kúrò. Làmídì, onílẹ̀ tó bá dá itan padà, lójú àwa ọdẹ, ó ti dá ilẹ̀ padà nìyẹn."

Ọjọ́ kejì, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù Alájà. Wọ́n rántí. "Ẹran tí wọ́n yìnbọn pa, báwo ni mo ṣe máa jẹ ẹ́? Ẹ̀sìn mi ò gbà á." Nígbà tí mo ṣàlàyé àṣà náà, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ọ rí. Abẹ́ igi emi ni bàbá wọn ti ń gba itan. Ẹran lásán ni ará ilé ń rí, wọn kò mọ bó ṣe dé. Síbẹ̀ wọ́n ní, "O wá fẹ́ kí n lọ bẹ ẹni tó ń sun igbó bàbá mi?"

Mo jókòó sórí àpò gààrí, n kò dìde. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń bi mí ní iye tí a ń ta kóńgò, mo ń dá wọn lóhùn bí ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí Alájà kírun Àsárì tán, wọ́n tún bá mi níbẹ̀.

"Alájà," mo ní, "ìhà kan ni mo lè ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan. Igbó yìí sì ní ìhà púpọ̀. Ìṣáná kan ṣoṣo ti tó fún un. Ẹ wá gba itan."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mi ò ní jẹ ẹ́ o."

"A ò ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Kẹ́ ẹ ṣáà gbà á."

Bàbá Àjàní ló ránṣẹ́ pe àwọn ọdẹ. Abẹ́ igi emi ni a ti pàdé. Àna mi náà wá, wọ́n gbé itan ọ̀yà kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ dání, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí mo ti ṣe lọ́jọ́sí. Múfú gbé itan àgbọ̀nrín tó fi ewé wé síwájú. Alájà kò na ọwọ́. Wọ́n fi ìborùn bo ọwọ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá tún dá a padà, ó ti parí nìyẹn.

Múfú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Alájà, lọ́jọ́ yẹn ẹ pè é ní òkú ẹran. Èmi náà ń kírun. Mo bá a kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, mo ṣe bísímílà, mo dú u. Itan tiyín ni mo kọ́kọ́ gé. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

Alájà wò ó títí, ojú wọn sì rọ̀.

"Òótọ́ ni, mi ò bi ọ́," wọ́n ní. "Ojú tì mí. Má bínú, ọmọ mi. Ti òní yìí ńkọ́?"

"Mo dú u, ìyá."

Wọ́n yọ ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ ìborùn, wọ́n gba itan náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì kàn wọ́n láṣọ. Wọ́n gbé e mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ta ló ní ọ̀bẹ? Ẹ dáná. Iyọ̀ dà?"

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ," Bàbá Àjàní ń sọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn ọdẹ ti ń ṣa igi jọ. Ẹnìkan ti yọ ìṣáná.

Mo bọ́ sáàárín wọn. "Ẹ má ṣáná o! Mo ti ṣèlérí pé iná kankan ò ní wọ inú igbó yìí. Bó ṣe ti Alájà fúnra wọn, kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Alájà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi emi mú kí wọ́n má baà ṣubú. Gbogbo wa la rìn jáde dé ojú títì pẹ̀lú ẹran àti igi ìdáná wa, ibẹ̀ la ti sun ún. Alájà ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi kọjú sí mi kó tó gbé oúnjẹ kalẹ̀.

N kò tìtorí ìyẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọyẹ́ mú, bẹẹrẹ gbẹ, mo ń rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo ajá ní ìhà òkè, mo sáré lọ. Múfú ni mo bá níwájú ọkùnrin méjì tí n kò mọ̀, wọ́n gbé kẹrosíìnì sórí ọ̀kadà.

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" ọ̀kan nínú wọn ń bi í. "Ṣé ìwọ lo nilẹ̀ ni?"

"Èmi kọ́ ni mo nilẹ̀," Múfú dáhùn. "Ẹni tó ń gba itan rẹ̀ wà ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ yí ọ̀kadà yín padà."

Wọ́n yí i padà. Èmi ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lọ.

Ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé, abẹ́ igi emi ló ká mi mọ́. Mo fi fóònù pe Alájà. Mo ní, "Alájà, òjò ti ń rọ̀ o, bẹẹrẹ ṣì wà lóòró." Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn imú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé fóònù náà síta kí àwọn gbọ́ ọ. Mo na ọwọ́ jáde kúrò lábẹ́ igi, mo dúró bẹ́ẹ̀ títí aṣọ mi fi rin.