Màmá mi bọ́ bàtà ní museum

Ẹ wá gbọ́ o, màmá mi bọ́ bàtà sílẹ̀ láàárín museum lónìí!

Mo mú wọn lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó wà nínú museum náà, lókè Manhattan. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́ ọ láyé àtijọ́. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n kó òkúta rẹ̀ sọdá òkun, wọ́n sì tún un tò síbí.

Aládúrà ni Mọ́mì. Bí wọ́n ṣe rí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀!

Security sáré dé, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wọ̀ ọ́ padà. Ojú tì mí.

"Mọ́mì, ẹ wọ bàtà yín. Wọn kì í jọ́sìn níbí mọ́, ìran làwọn èèyàn ń wò."

"Ìran kẹ̀? Nínú ilé Olúwa?"

Wọ́n ṣáà wọ̀ ọ́. Wọ́n lọ dúró nídìí òpó kan tí ewé, ẹyẹ àti orí èèyàn wà lára rẹ̀, òkúta gbígbẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n wò ó títí.

"Ẹni tó gbẹ́ eléyìí ò kánjú o."

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ni Mọ́mì wá bá mi tọ́jú ní Bronx. Ọmọ ọ̀hún ti ń lọ síléèwé. Lọ́dọọdún la ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n á padà sílé.

Wọ́n bá bi mí jẹ́jẹ́: "Ṣé wọn ò ní dá ṣọ́ọ̀ṣì yìí padà sílé ni?"

Mo ní, "Rárá o, Mọ́mì. Ó ti di ará ibí."

Wọ́n rọra yí padà, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ìyá yín wà lọ́dọ̀ yín níbí, kí ni ǹ bá ti sọ?