Iná Tuntun fún Máṣíìnì Wolé-wolé

Máṣíìnì tí mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Bàbá mi ti rà á kí ìyá mi tó lóyún mi, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wolé-wolé nílùú Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn láti yẹ ìkòkò omi àti ṣáláńgá oníṣáláńgá wò. Àwọn àgbàlagbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ fún mi pé bí àwọn bá ti gbọ́ ìró máṣíìnì náà lókèèrè, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, àwọn kan á máa da omi ìkòkò nù, àwọn tí kò sì rí ìgbálẹ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Bàbá mi gbà pé ọ̀wọ̀ tí ìlú ń bù fún àwọn ni. Mi ò bá wọn jiyàn rí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Ìkòyí-Ilé, ilé tí mo gbà sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí i pé bí mo bá ń dúró de ọkọ̀ láràárọ̀, àwọn aboyún á ti bímọ tán, wọ́n á ti sọ ọmọ lórúkọ, kí n tó dé. Mo bá lọ bẹ bàbá mi pé kí wọ́n fún mi ní máṣíìnì wọn. Orúnkún wọn kò gba gígùn mọ́ látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni máṣíìnì ọ̀hún wà, lábẹ́ aṣọ funfun, bí òkú tó ń dúró de lèmọ́mù.

Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ka òfin sí mi létí. Mi ò gbọdọ̀ gbé ọkùnrin kankan sẹ́yìn. Mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí adìyẹ sùn lé e. Mi ò sì gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà lára rẹ̀.

"Bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde ni kí o jẹ́ kó wà," ni wọ́n wí.

"Iná rẹ̀ ńkọ́, Bàbá? Ó jọ pé kò mọ́lẹ̀ dáadáa."

"Iná yẹn? Iná yẹn ni mo fi ń rí tanwíjí nínú ìkòkò omi."

Ẹni tó bá rí iná náà kò ní gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Bí mo bá tàn án, mo ní láti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kí n tó mọ̀ bóyá ó ti tàn. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ara ẹ́ńjìnnì ló ti ń gba agbára. Bí mo bá rọra ń lọ, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, àfi bí mo bá ń sáré ni yóò mọ́lẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ihò wà níwájú, dandan ni kí n sáré wọ inú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ti Ìkòyí-Ilé bọ̀. Aboyún kan ti dá mi dúró, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo rí nǹkan dúdú kan lójú ọ̀nà, mo rò pé òjìji igi ni. Nígbà tí mo fi mọ̀ pé òjìji kì í ní ìwo, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá màlúù náà. Mo yà bàrá wọ inú igbó, máṣíìnì dùbúlẹ̀, èmi náà dùbúlẹ̀ tì í. Màlúù kò mira. Darandaran tó ni ín sáré dé, ó wo màlúù rẹ̀ láti orí dé ìrù, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ìgbà yẹn ló tó bojú wo ibi tí mo wà.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò tan iná ni."

"Mo tan iná."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú sún mọ́ iná náà gan-an.

"Ó tàn lóòótọ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó ń kẹ́dùn.

Orúnkún mi bó, tẹ́ńkì máṣíìnì sì ní àpá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo tì í lọ sí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́dọ̀ rewáyà kan tó ń tún wáyà ọkọ̀ àti máṣíìnì ṣe. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ọkùnrin náà. Ó máa ń kọ orin ìjọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wáyà kì í sì í gbé e rárá, ó jọ pé iná mànàmáná ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó yí máṣíìnì mi po, ó wò ó títí.

"Nọ́ọ̀sì, ta ló ni eléyìí?"

"Bàbá mi ni."

"Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mo tú u."

Ó yọ gílóòbù àtijọ́ náà, ó fi LED sí i, irú èyí tó funfun báláú tí àwọn ọlọ́kadà ń lò. Gílóòbù náà ṣẹ́jú díẹ̀, ó kú. Rewáyà ní agbára tí máṣíìnì náà ń mú jáde kò tó èyí tí gílóòbù tuntun ń fẹ́, pé àfi kí òun tú kọ́ìlì rẹ̀ tó ń mú iná wá, kí òun fi wáyà tuntun wé e, kí òun sì gbé bátìrì tó lágbára sí i. Mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan ilé iná àti dígí rẹ̀, kí bàbá mi má baà mọ̀ lójú kan. Nígbà tó parí, ó ní kí a pa ojú dé kí a gbàdúrà fún gílóòbù. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo ṣe àmín tó lọ sókè. Àbí èmi kọ́ ni màá gùn ún?

Ó tan iná. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún la títì kọjá, ó bà sórí ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì. Ìyá náà fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹ bá mi pa á," ni ó wí. "Wọ́n ti yan búrẹ́dì mi tán nílé."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gùn ún lọ sí Ọ̀yọ́ láti lọ kí bàbá mi. Mo tètè kúrò nílé, ṣùgbọ́n tírélà kan ti dúró gbọọrọ sójú ọ̀nà, oòrùn sì wọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, mo tan iná mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo rí ọ̀nà Ọ̀yọ́ bó ṣe rí, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́. Ihò tí mo ti ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí wá pọ̀ ju èyí tí mo rò lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ níwájú kúrò lójú ọ̀nà fún mi, ó dúró sínú koríko. Bí mo ṣe ń kọjá, ó yọ orí síta.

"Obìnrin lórí máṣíìnì," ni ó sọ fún àwọn èrò rẹ̀. "Mo ti rò pé tírélà olójú kan ni."

Wọ́n ti kírun mọ́gàríbì tán nígbà tí mo wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn jókòó sórí ẹní níwájú mọ́ṣáláṣí, àlùfáà ń ṣe wáàsí nípa ọjọ́ ìdájọ́, kò sì sí iná mànàmáná ní àdúgbò. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé ibi tí gbogbo àṣírí yóò ti hàn síta ni àlùfáà dé gẹ́lẹ́, tí mo fi yà wọ inú àdúgbò. Ìmọ́lẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka "Lá iláha illá-lláhu" kíákíá, bí ẹni tó mọ̀ pé àkókò kò sí mọ́. Òmíràn ń wá bàtà. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ti dìde, ó sì ti kọjú sí ọ̀nà ilé.

Bàbá mi nìkan ni kò kúrò lójú kan.

"Ìró máṣíìnì mi ni mo gbọ́," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ojú ta nìyẹn? Pa á."

Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ di àárọ̀. Ní àárọ̀, wọ́n fi ìka nu ara máṣíìnì náà, wọ́n wo ìka wọn, wọ́n wo bátìrì tuntun.

"Dá a padà sí bó ṣe wà."

Mo sọ ọ̀rọ̀ màlúù fún wọn, mo fi orúnkún mi hàn wọ́n.

"Màlúù ló jẹ̀bi," ni wọ́n wí. "Ní gbogbo ìgbà tí mo fi gùn ún, mi ò ṣubú rí."

"Ṣé ẹ máa ń gùn ún lálẹ́ ni?"

"Kí ni wolé-wolé fẹ́ wá lálẹ́? Ọ̀sán la ń ṣíwọ́."

"Tanwíjí tí ẹ ní ẹ fi iná rẹ̀ ń rí ńkọ́?"

"Tọ́ọ̀ṣì náà wà lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n lọ po ẹ̀kọ wá.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe kírun tán, wọ́n wá dúró ti máṣíìnì náà, wọ́n ní kí n gbé àwọn jáde kí àwọn fi ojú ara àwọn rí ohun tí mo bàjẹ́. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn tó gun orí ìjókòó. Wọ́n di èjìká mi mú. Mo tan iná, a rọra ń lọ.

"Ihò wo nìyẹn?" ni wọ́n bi mí, nígbà tí a dé iwájú ilé kejì.

"Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, Bàbá."

"Mi ò rí i rí."

Mo ti ń fura pé ojú wọn ti ń bàjẹ́, wọn kì í sì í gbà kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dùn mí pé iná máṣíìnì ló fi hàn mí pé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀, tí èmi nọ́ọ̀sì kò mọ̀. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni wọ́n lù mí léjìká.

"Dúró. Yí iná yẹn sí ọ̀tún."

Gọ́tà ni, tó kún fún ọ̀rá àti ìdọ̀tí lóríṣiríṣi. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé náà. Baálé ilé jáde, ọkùnrin tó ti ń hu ewú. Ó rí iná, ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ta ni bàbá rẹ?" ni bàbá mi bi í.

Ó dárúkọ bàbá rẹ̀.

"Òun náà kì í kó gọ́tà. Mú ṣọ́bìrì."

Ọkùnrin náà mú ṣọ́bìrì. Èmi di máṣíìnì mú, mo ń tan iná sí i, ojú ń tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Bàbá mi dúró tààrà, ọwọ́ lẹ́yìn, ohùn wọn sì le bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nígbà tí mo wà léwe. Ilé tí a yà sí kọjá ẹyọ kan kí a tó padà. Wọn kò sọ̀rọ̀ pé kí n dá iná padà mọ́. Bí a ṣe délé, ohun tí wọ́n sọ ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sókè díẹ̀, pé kí rewáyà mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó lè máa wọ inú gọ́tà dáadáa.

Mo lo àǹfààní náà, mo ní n óò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá jẹ́ kí n mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n rojọ́, wọ́n gbà. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ti òsì ń bọ̀ lọ́nà. Ní báyìí, bí mo bá ń lọ kí wọn, àwọn ará àdúgbò a máa dá mi dúró ní ìkóríta, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á sì bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ máa wá lọ́sàn-án.