Ẹni Tí Kò Tọ́ Ọ Wò

Nínú ilé wa ní Jikwoyi, èmi ni ọ̀gá èso. Ìyàwó mi ló ń se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti di ká gé máńgòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ká lọ̀ wọ́n pọ̀ di ohun tí àwọn ọmọ mi ń pè ní sìmúdì, kí oníkálukú yàgò fún mi ni. Mi ò fi ṣúgà sí i. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sẹ́yìn mi máa sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ọdún kan wà tí ààwẹ̀ bọ́ sí àsìkò ooru, tí máńgòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ọmọ mi kékeré, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fárígá pé òun náà á gbààwẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi dandan mú un. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbà á, ó rọ́jú dé ìrun ọ̀sán, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ká a mọ́ ilé ìwẹ̀ níbi tó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi mu. Ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́nu bí abẹ. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọmọ ilé kéú ti gbọ́. Láti ìgbà náà, bí ọmọ mi bá ti ní òun ń gbààwẹ̀, wọ́n á ní, "Ààwẹ̀ ilé ìwẹ̀ àbí?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ó wá bá mi lẹ́yìn ìṣínu. "Dádì, tí mo bá gbà á pé lọ́la, ṣé wọ́n á gbà mí gbọ́?"

Mo ní, "Ìwọ ṣáà gbà á pé. Èso tó bá wù ọ́ ni gbogbo wa máa fi ṣínu."

Ó ní máńgòrò, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni òun fẹ́, kí n sì fi omi àgbọn lọ̀ ọ́. Ọmọ mi ni lóòótọ́, ó mọ ohun tó dáa.

Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ sààrì pẹ̀lú wa, ó sì múra gírí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ètè rẹ̀ ti funfun, ó na ara sórí táìlì pálọ̀ nítorí pé ibẹ̀ tutù. Mo jáde lọ bá mọ́là tó ń fi bárò ta èso ní ìta wa. Ó kí mi, "Sànnu, Àlájì," mo ní, "Yauwa." Mo bi í bóyá ọ̀pẹ̀ òyìnbó rẹ̀ dùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ń gbààwẹ̀, imú nìkan ló kù tá a lè fi mọ̀ ọ́n. Àwa méjèèjì bá ń gbóòórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó lójú títì.

Bílẹ́ńdà kan ṣoṣo la ní, ìyàwó mi sì ti fi lọ ata rodo láàárọ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣàn án. Ìyàwó mi pè mí láti yàrá, "Dádì, ṣé ẹ tú ìdí rẹ̀ fọ̀?"

Mo ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní bílẹ́ńdà?"

Iná wà, a dúpẹ́. Mo lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná, àwọ̀ rẹ̀ wuni, mo sì dà á sínú jọ́ọ̀gì. Ó wá ku ká mọ̀ bó ṣe rí lẹ́nu. Àwọn àáfà ní alásè lè fi orí ahọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò kó sì tu ú dà, ṣùgbọ́n èmi mọ ara mi: ohun tó bá ti kan ahọ́n mi, ọ̀fun ló ń gbà lọ. Mo bu ṣíbí kan, mo nà án sí ọmọ mi.

"Ọmọdé ni ọ́, ààwẹ̀ ò tíì di dandan fún ọ. Bá mi tọ́ ọ wò."

Ó wo ṣíbí náà, ó dá itọ́ mì, ó wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Rárá, Dádì. Mò ń gbààwẹ̀." Orí mi wú. Mo da ti ṣíbí padà, mo ní kó bá mi ṣọ́ jọ́ọ̀gì kí eṣinṣin má bà á, mo sì lọ ṣe àlùwàlá.

Ariwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo gbọ́. "Dádì! Ẹ wá wò ó! Òun nìkan ló wà níbí, ṣíbí sì ti lómi. Ó ti mu ún!"

"Wàláì, mi ò mu ún!"

Mo ní èmi ni mo lo ṣíbí náà, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yínmú: "Ẹ̀yin ò kúkú sí níbẹ̀." Tí mo bá tún gbèjà rẹ̀, bàbá tó ń gbe ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á pè mí. Ọmọ náà kò bú sẹ́kún, ó kàn jókòó, ó tẹrí ba. Ó dùn mí ju ebi lọ.

Ladánì pè. A jẹ dàbínù, mo bu èso sínú ife, mo kọ́kọ́ gbé ti ọmọ mi fún un, torí òun ló ni ọjọ́. Ó gbé e sẹ́nu, ó sì mu ún gbì, gbì, kó tó mí rárá. Lójijì ojú rẹ̀ là rekete.

"Yéè! Ata!"

Mo sáré tọ́ tèmi wò. Máńgòrò ló kọ́kọ́ kí mi, àgbọn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni rodo gbá mi ní ọ̀fun mú. Gbogbo ilé ń wúkọ́. Ìyàwó mi ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo bi yín o! Mo ní ṣé ẹ tú ìdí rẹ̀ fọ̀!" Abẹ́ rọ́bà ìdí bílẹ́ńdà ni ata sá pamọ́ sí, tó ń dúró de èmi ọ̀gá èso. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di ife rẹ̀ mú, ó ń wo àbúrò rẹ̀.

"Tó bá ti tọ́ ọ wò ni," ó ní, "kò ní gbé e mu báyẹn." Ó yíjú sí wa. "Kò mu ún lóòótọ́. Ó gbà á pé."

Mo ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù, kí n lọ̀ òmíràn. Ọmọ mi fọwọ́ bo jọ́ọ̀gì. Imú rẹ̀ ń ṣomi, omi ń dà lójú rẹ̀, eyín rẹ̀ sì wà níta. Ó na ife rẹ̀ sí mi.

"Dádì, ẹ bù sí i."