Òkun Pupa Tí N Kò Dé

Òórùn dísẹ̀lì àti ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn létí odò, lẹ́yìn Old Market, láyé ìgbà tí Lọ́kọ́ja ṣì wà lábẹ́ Kwárà. Ìdí dírẹ́jà kan, ọkọ̀ ńlá tó ń fa iyanrìn kúrò nísàlẹ̀ odò Ọya, ni mo ti ń jẹun nígbà náà. Amòòkùn ni mí. Tí igi tàbí àwọ̀n bá há sẹ́nu páìpù, èmi ni wọ́n á so okùn mọ́ níbàdí, wọ́n á fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí mi lẹ́nu, ó di ìsàlẹ̀. Ṣé o mọ bí omi yẹn ṣe rí? Bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ni. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ gbogbo nǹkan. Mo ti fọwọ́ kan ẹja kan níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi, n kò mọ àwọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ láyé mi kò ju pé kí n wà lábẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan, kí n sì ríran.

Ọ̀gá wa, òyìnbó ará Ítálì kan tó fẹ́ràn ata jù mí lọ, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní tí òun bá gba ìsinmi, òun máa ń lọ wọ ọkọ̀ kan ní Sudan, lórí Òkun Pupa. Inú ọkọ̀ náà lèèyàn á máa sùn, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun. Bó bá jí láàárọ̀, ó di inú omi, bó bá jẹun ọ̀sán tán, ó tún di inú omi. Omi ọ̀hún sì mọ́ gaara. "You go follow me," ó wí, òun ló máa gbé mi lọ, tí yóò sì gbé mi bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, orí mi wú! Láti ìgbà náà, tí a bá ti ṣíwọ́, tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè Patti, ó máa ń ya ọkọ̀ náà fún mi sára páálí: ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà, ibi ìdáná, ibi tí wọ́n ń to sílíńdà afẹ́fẹ́ sí. Mo bi í bóyá wọ́n máa fún mi lómi gbígbóná te ẹ̀bà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò ṣeré o. Gàrí àti ata gígún ni mo kọ́kọ́ dì sínú báàgì.

Ìyá mi ládùúgbò Otokiti kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́. Òkun tó wà nínú Bíbélì nìkan ni obìnrin yìí mọ̀.

"Òkun Pupa kẹ̀? Ibi tí Fáráò kú sí tẹṣintẹṣin ni ìwọ fẹ́ lọ sùn?"

"Màámi, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kúkú là á kọjá."

"Ṣé ìwọ ni Mósè?"

Mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà rẹ̀.

Ó wá ku ẹyọ ohun kan. Ọlọ́kọ̀ náà kì í gba ẹni tí dókítà kò bá tíì yẹ etí àti àyà rẹ̀ wò. Ti etí gan-an ni mo fi ń yangàn. Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ. Láàárín àwa amòòkùn odò, etí máa ń dun ẹni tuntun bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn àgbà á ní kó má padà o, kó máa lọ ni, títí nǹkan á fi dún pọ́ nínú etí náà, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á sì jáde. Etí ti ṣí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí tèmi ṣí, àgbà amòòkùn wa, bàbá Núpé kan, gbá mi mọ́ra, ó kán àdín lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, gbogbo wọn sì ń hó yèè. "O ti dọmọ omi," ó wí. Lóòótọ́ ni ìrora náà dín kù láti ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe fún bàbá náà nìyẹn, kò fi ibi ṣe é fún mi.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó fi iná wo etí ọ̀tún, ó wo tòsì, ó tún padà sí tọ̀tún. Mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mò ń retí kó yìn mí.

"Arákùnrin, ta ló ba etí yín jẹ́ báyìí?"

"Kò bàjẹ́, dókítà. Ó ṣí ni."

Ó pa iná náà. Ó wá ní awọ inú etí méjèèjì ti ya tipẹ́, kò sì jọ pé yóò jiná mọ́. Ó ní bí omi bá gba ibẹ̀ wọlé nínú ibú òkun, òòyì á kọ́ mi, n kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Òun kò lè fọwọ́ sí i láéláé. Ó ní odò gan-an, kí n fi í sílẹ̀. Kí n fi odò sílẹ̀, kí n máa jẹ kí ni? Ó dùn mí débi pé n kò mọ ọ̀nà tí mo gbà délé.

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tiẹ̀ gúnyán fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá wa gbéra lọ Sudan, igi há sẹ́nu páìpù, wọ́n sì so okùn mọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú dídì la fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí iyanrìn. Lọ́jọ́ náà mo la ojú mi méjèèjì sílẹ̀. Ó ń ta mí bí ata, mo ṣáà ń wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi òkùnkùn.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, o sì ní láti pariwo kí n tó gbọ́ ọ. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀: ọjọ́ tí wọ́n ń bá mi yọ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́, èmi náà sì ń bá wọn yọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló wà nísàlẹ̀ odò Ọya, níbi tí mo lo gbogbo ìgbà èwe mi sí. Mo máa ń sọ fún wọn pé n kò débẹ̀ rí.