Aṣọ Funfun tí Mọ́síùrá Tọrọ

Àárẹ̀ ti mú Mọ́síùrá, Ìyá Gàfárù, kó tó dé ìsọ̀ kẹta. Obìnrin tí wọ́n la àyà rẹ̀ tí wọ́n tún ọkàn rẹ̀ ṣe ní ọdún 2003 kọ́ ló yẹ kó máa rin ọjà Treichville ní ìdálẹ̀ káàkiri nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọsibítù tó wò ó sàn kò ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó. Orí rọ́bà lásán ni àwọn aláìsàn ń sùn. Nọ́ọ̀sì ní funfun ló dára jù, torí ó ṣeé sè nínú omi gbígbóná. Mọ́síùrá ní ìyẹn kò le, ṣebí àwọn ará Ìgbòho ẹgbẹ́ òun ló ń ta aṣọ.

Ó le. Aláṣọ kan ní àwọn tó ń ṣàìsàn níbẹ̀ kì í ṣe ẹbí òun. Òmíràn fi owó sàráà há a lọ́wọ́, ó rò pé ara rẹ̀ ló ń tọrọ fún. Ìyẹn dùn ún wọ egungun. Ó dá owó náà padà, ó sì wá ibi jókòó kó lè mí.

Àlhájì Àbdùlbàkí, àgbà àwọn aláṣọ, nìkan ló dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ó di ẹrù aṣọ ránṣẹ́ sí i. Inú Mọ́síùrá dùn títí ó fi tú u. Likáfànní ni wọ́n gé e sí, tòun ti ọ̀já tí wọ́n fi ń di òkú. Ó sáré pe Àlhájì.

“Ṣé kì í ṣe àwọn òkú tí kò lẹ́ni lo ń tọrọ fún ni?” Àlhájì bi í. “Ohun tí mo sọ ní mọ́ṣáláṣí nìyẹn. Kò sẹ́ni tí kò dá sí i.”

Ẹ ò rí ayé! Alààyè kò rí aṣọ gbà, òkú rí i gbà wọ̀ǹtìwọnti. Bó bá dá a padà, ó tán nìyẹn. Ó bá jókòó, ó ń rán an pọ̀ di aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká etí rẹ̀, ó ń dúró nígbà tí àyà bá há a.

Ó gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ń tẹ́ ẹ. Kadi ẹlẹ́ja, aláìsàn kan láti àdúgbò Boribana, tí ọkàn ń dà láàmú, fò dìde.

“Pardon, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Gàfárù! Ọkọ mi dá sí aṣọ yìí ní mọ́ṣáláṣí. Aṣọ òkú ni. N kò tíì kú o!”

Bí àwọn yòókù ṣe gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí tiwọn kúrò. Mọ́síùrá kò lágbára àtipurọ́, kò lágbára àtiwàásù. Ó bọ́ bàtà, ó gun bẹ́ẹ̀dì Kadi, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ lórí aṣọ funfun náà, ó sì tú ọrùn bùbá rẹ̀ kí wọ́n lè rí àpá ojú abẹ.

“Èmi náà kò tíì kú,” ló wí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, oorun gbé e lọ.

Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀.

Nígbà tó lajú, àwọn yòókù ti sùn sórí tiwọn. Kadi nìkan ló dúró tì í, ó di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ó ti rẹ̀ mí. Bẹ́ẹ̀dì mi ni.”