Ọ̀rẹ́ Ọmọge Inú Fíìmù

Òórùn ẹja yíyan ni mo fi máa ń mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ti dé ilé wa. Kó tó kan ilẹ̀kùn ni òórùn náà á ti gba ojú fèrèsé wọlé, á bá mi níbi tí mo jókòó sí níwájú tẹlifíṣọ̀n, èmi á sì pariwo sí i láti inú pálọ̀ pé kó yára, iná lè lọ nígbàkigbà. Effurun lẹ́bàá Warri là ń gbé nígbà náà. Iṣẹ́ epo ló gbé bàbá mi kúrò ní Èkó wá síbẹ̀, ó sì kó gbogbo wa dání. Ọmọ Ìlàjẹ ni ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀, Ugbuwangue létí omi ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìyá náà ń yan ẹja, ó sì ń tà á ní ọjà Pessu. Yorùbá ló kọ́kọ́ mú wa ṣọ̀rẹ́, nítorí àwa méjì péré la gbọ́ ọ nínú kíláàsì wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Píjìn la fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ká wa lára.

Fíìmù kan ló ń kó wa jọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bàbá mi ló ra pléètì rẹ̀ bọ̀ láti Èkó, a sì wò ó títí ojú pléètì náà fi ya. Ìtàn àwọn ọmọ ilé ìwé girama òyìnbó ni. Ọmọge kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì, gíláàsì ńlá lójú rẹ̀, ìwé láyà rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí gbogbo ọmọbìnrin ilé ìwé ń kú lé lórí. Ọ̀rẹ́ ọmọge náà wà pẹ̀lú, aláwàdà, òun ló ń bá a gbé lẹ́tà kiri, òun ló ń bá a tún irun ṣe. Ọmọge yọ gíláàsì, ó di arẹwà, ọmọkùnrin wá rí i. Wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ tí ì bá tán ká ní ẹnì kan béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n parí ìjà níbi ijó ìdágbére, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, ó tán.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, fíìmù náà dùn. Ní ilé ìwé tiwa, ọmọbìnrin tí wọ́n bá ká lẹ́tà ọmọkùnrin mọ́ lọ́wọ́, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò wà títí oòrùn á fi kàn án látàrí, tíṣà á sì ka lẹ́tà náà sókè ketekete tòun ti àṣìṣe inú rẹ̀. Nínú fíìmù, kò sí pàṣán, kò sí ìkúnlẹ̀, òjò pàápàá kì í rọ̀ àfi tí àwọn méjì bá fẹ́ dì mọ́ra. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé fíìmù yẹn sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọkàn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó nǹkan tí èèyàn lè kọrin sí lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Nílé wa, ipò kelòó ni mo gbà ni wọ́n máa ń béèrè. Títí dòní, mi ò rò pé ó burú kí ọmọ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀.

Ìyá bàbá mi wá kí wa láti Ọ̀yọ́ lọ́dún náà, ó sì bá wa jókòó wò ó lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ yìí ò ní ìyá ni, tí ọmọ á wọlé, á ṣí fíríìjì, á mu wàrà, á sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọmọge yọ gíláàsì tí gbogbo èèyàn ń yìn ín, màmá àgbà bi mí pé báwo ló ṣe wá ń ríran báyìí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ṣubú lórí àga. Ọ̀rẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti ń rò ó. Màmá wá nawọ́ sí aláwàdà inú fíìmù, ó ní, "Èyí ńkọ́? Ọmọ ta ni?" Mo ní ọ̀rẹ́ ọmọge ni. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Mo ní ọmọ ta ni? Níbo ló ń gbé?"

Nínú gbogbo fíìmù yẹn, ọmọ náà ò ní ilé, kò ní ìyá, a ò rí ibi tó ń sùn sí. Bí ọmọge bá nílò rẹ̀ ló ń yọjú. Mo bẹ màmá pé kó jẹ́ ká wò ó tán, ló bá kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì kọjú sí ọ̀rẹ́ mi, ó ń bi í ní ìbéèrè kan náà. Kí ijó ìdágbére tó dé, màmá ti mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ti kú, pé òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, àti pé ojú ń dun ìyá rẹ̀ gan-an, débi pé ọwọ́ ló fi ń yẹ ẹja wò báyìí kó tó mọ̀ pé ó ti gbẹ. Èmi tí mo ti bá a ṣọ̀rẹ́ fún ọdún méjì, etí kan ni mo fi ń gbọ́ ọ, ojú mi wà lórí ijó. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi ò tilẹ̀ gun igi kankan, orí àga tìmùtìmù ni mo wà.

Mo ti pinnu pé èmi ni ọmọge inú fíìmù. Mi ò ní gíláàsì, nítorí náà mo máa ń jí èyí tí bàbá mi fi ń kàwé lò kí n lè rí nǹkan yọ. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ó ga. Bí mo bá sọ òótọ́, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi gbé lẹ́tà lọ fún un, ó sì ń gba èsì bọ̀, ó máa ń fi ohùn ọmọkùnrin náà sọ ọ́ fún mi títí ẹ̀rín á fi pa mí. A ò jọ jókòó pín ipò yìí láàárín ara wa. Ẹni tó ni tẹlifíṣọ̀n ló yan èyí tó wù ú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọ̀sẹ̀ tí a máa ṣe pátì ìdágbére, ọ̀rẹ́ mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn kíláàsì. Ó ti gbọ́ nílé wa pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ láti Èkó wá sí kílíníìkì ilé iṣẹ́ bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àti pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fi orúkọ ẹnì kan tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ kan iná lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn nítorí pé kò rí i. Ọ̀rẹ́ mi ò lè bá bàbá mi sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í ṣàdédé gbé ẹ̀bẹ̀ ka iwájú àgbàlagbà, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ló ń gbà.

"Abeg, tell your papa make e put my mama name," ó ní. "Na Friday morning dem go close am."

Mo ní mo gbọ́, màá sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, télọ̀ gbé aṣọ mi dé, ó fún mi lápá, ariwo rẹ̀ la pa títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́rú, bàbá mi wà níbi iṣẹ́, kò wálé. Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ ṣe irun. Ọ̀rọ̀ náà ti fò lọ lórí mi pátápátá.

Ọ̀sán Ẹtì ni pátì náà, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ọ̀rẹ́ mi wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, báàgì mi wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n yí orin padà tí ọmọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá bá mi, ọ̀rẹ́ mi fà mí lápá díẹ̀, ó ní, "You don tell your papa?"

Ojú mi wà lára ọmọkùnrin náà. Mo ní, "I don tell am."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Lọ́kàn mi, mo ní bí mo bá délé lálẹ́, màá sọ ọ́, irọ́ náà á sì di òótọ́. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Èmi ò sunkún rárá, ẹ̀rín ni mò ń rín, mi ò sì rí nǹkan kan. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó làágùn, nígbà tí orin sì parí, ó bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gba mít-páì. Ọ̀rẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ gbogbo bí ijó ṣe lọ fún ìyá mi, mo sì sùn.

Ọjọ́ Ajé ni òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí kílíníìkì. Ìyá náà wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ka ìwé orúkọ láti òkè délẹ̀, kò rí i, ó tún un kà. Ọjọ́ kejì ló tó sọ fún mi nílé ìwé.

"Dem no see the name," ó ní.

"I forget," mo dá a lóhùn.

"I don know since yesterday," ó ní, ó sì ṣí ìwé rẹ̀.

Mo sọ fún bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó mú ẹ̀dà ìwé tó kọ jáde, ó fi àyè ẹnì kan yẹn hàn mí, òfìfo ni. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Ó ní wọn ò ní gba orúkọ mọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọdún tó ń bọ̀, orúkọ ìyá yẹn lòun máa kọ́kọ́ kọ. Kí ọdún náà tó yípo, wọ́n ti gbé bàbá mi padà sí Èkó. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kọ ìdánwò àṣejáde, ó sì yege jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí kò sí ẹlòmíì tó lè dúró ti iná. Èmi lọ sí yunifásítì. Mo máa ń pè é ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì máa ń sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tó yá, mi ò pè é mọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, iṣẹ́ gbé mi dé Warri fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì wá wọn lọ sí Ugbuwangue. Ìyá náà jókòó lórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ ṣa edé. Kò ríran mọ́ rárá, ṣùgbọ́n bí mo ṣe kí i, ó pè mí lórúkọ. Ọ̀rẹ́ mi wà nídìí ààrò lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti pinnu nínú kẹ̀kẹ́ pé màá sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ tí mo pa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo wá tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ojú tó wá nígbà náà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wá orí mi títí tó fi kàn án. Ìlàjẹ ló sọ, ohun tí mo sì gbọ́ nìyí:

"Kí ni tìrẹ níbẹ̀, ọmọ mi? Ọmọ mi ló gbàgbé. Níwájú géètì yẹn ló ti kúnlẹ̀ tó ní òun ò rántí sọ fún ẹ. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í tipẹ́."

Mo gbójú sókè. Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹja kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí onílé ń sọ fún àlejò pé kó má ṣe palẹ̀ àwo mọ́. Ẹnu mi ti là. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì," mo sì dìde.

Nígbà tó ń sìn mí sọ́nà, mo bi í pé kí ló dé. "My mama for no gree make I come una house again," ó ní. "And na only una house I get to go."

Ọmọbìnrin tèmi ti ń wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lórí fóònù báyìí, mi ò sì ní kó má wò ó. Ó ṣì dùn. Èmi náà máa ń jókòó tì í, mo máa ń rẹ́rìn-ín, omi máa ń bọ́ lójú mi níbi ijó. Àṣìṣe fíìmù náà ò pọ̀ tó tèmi. Wákàtí kan àti ààbọ̀ péré ni wọ́n fún un, kò lè ráyè béèrè ọmọ ta ni gbogbo èèyàn. Èmi ní odindi ọdún méjì. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń sọ pé bí Ọdún Àjíǹde bá dé, màá padà lọ sọ òótọ́ fún ìyá náà, ọ̀rẹ́ mi ì báà mi orí sí mi nígbà ọgọ́rùn-ún. Àjíǹde méjì ti kọjá. Ìyá náà ti darúgbó, wọ́n ní ó máa ń béèrè mi, ó sì máa ń gbàdúrà fún mi. Ó ṣì gbà pé ọmọ òun ló gbàgbé.